Gbólóhùn Kẹta Nínú Ọ̀rọ̀ Kànga

Ìgbà kẹta rèé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Tíì Akọ̀wé ò tíì tutù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá gbólóhùn náà padà ni, ó gbé ife sẹ́nu, kó tó gbé e kalẹ̀, gbólóhùn ti lọ. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò burú," ó sọ fún kọ̀ǹpútà. "Adìẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà."

Akọ̀wé kọ́ ni orúkọ tí ìyá obìnrin náà sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ àwọn tó bá nílé lórí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Akọ̀wé sì ń ṣe nígbà náà níléeṣẹ́ omi. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá pè é bẹ́ẹ̀, aládùúgbò pè é bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ tòun ló kù tóun máa tẹ̀. Ó ra kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìmọ̀ kan lórí ayélujára, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ nǹkan sí, bó bá ti lè mú ìwé tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wá. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti kọ. Ó kọ nípa iyọ̀, ó kọ nípa aago ògiri, ó kọ nípa ọṣẹ, ó kọ nípa eegun ẹ̀yìn.

Ohun tó fi ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyàwó.

Ìyàwó ni obìnrin tó sọ ọ́ ní Akọ̀wé yẹn. Ewú ti bo orí rẹ̀, ó ti sin ọkọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, síbẹ̀ Ìyàwó náà ló ń jẹ́ nínú ilé yìí, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kó ní orúkọ mìíràn. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé. Ìyàwó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, Akọ̀wé ń kọ̀wé lórí tábìlì ìjẹun, wọn kì í ti ilẹ̀kùn àárín. Bí Akọ̀wé bá ti kọ ìpínrọ̀ kan tán, á kà á sókè. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré lọ ní tirẹ̀, ìpínrọ̀ náà dára. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé Ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrò lórí pẹ́dàlì láìmọ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ìyàwó ò ní sọ nǹkan kan, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun dúró. Akọ̀wé á mú pẹ́ńsùlù, á fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, á lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Àpilẹ̀kọ iyọ̀ dá ẹ̀rọ dúró nígbà mọ́kànlá. Ti eegun ẹ̀yìn le débi pé aṣọ oníbàárà kan fi ọjọ́ méjì pẹ́, oníbàárà ọ̀hún sì dé, ó jágbe mọ́ àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe pé Akọ̀wé kórìíra ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ o. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀ ẹ́, ó mọ iyì rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé bí ilé ni àpilẹ̀kọ rí. Kí ẹni tó ń kọjá lọ rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó sí, kó gbomi mu, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Kí ẹni tó mọlé sì lè wọ yàrá dé yàrá títí dé ibi tí àpótí wà. Nísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ, níbi tí àwọn onímọ̀ máa ń wá nǹkan sí, Akọ̀wé lè ka ìwé mẹ́rin nítorí ìlà kan ṣoṣo, kí dókítà tàbí ẹnjiníà má baà dé ibẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a kì í gbé àpótí dí ẹnu ọ̀nà.

Nínú gbogbo mẹ́tàdínláàádọ́ta yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni kò kà sétígbọ̀ọ́ Ìyàwó rí. Òun náà ni ti kànga.

Gbólóhùn mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èkíní sọ ohun tí kànga jẹ́. Èkejì sọ ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ní: "Afẹ́fẹ́ inú kànga lè burú láìní òórùn kankan: ẹni tó bá mí i símú lè dákú lẹ́yìn èémí mélòó kan, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ti kú sínú kànga ló wọlé lọ yọ ẹni àkọ́kọ́."

Èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, òǹkọ̀wé mìíràn nínú ìwé ìmọ̀ náà, ò fẹ́ rí sójú. Ojú-ìwé kan wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń bá ara wọn jiyàn, ibẹ̀ ló sì ti ń sọ̀rọ̀ sí i. "A kò kọ ìwé ìmọ̀ láti dẹ́rù ba ọmọdé," ló kọ. "Ìwé ìmọ̀ kì í pàṣẹ, kì í sì gba ènìyàn nímọ̀ràn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀rọ̀ náà kò ní orísun. Ó hàn gbangba pé ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe onímọ̀."

Ká má parọ́, ó jàre díẹ̀. Ohun tí Akọ̀wé kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, ní lẹ́tà ńláńlá, ni "Ẹ MÁ WỌ INÚ KÀNGA O!" Ọ̀jọ̀gbọ́n pa á rẹ́, Akọ̀wé sì gbà pé ìwé ìmọ̀ kì í pariwo lé èèyàn lórí. Ó jókòó, ó ronú, ó yí àṣẹ padà sí òótọ́ tí èèyàn lè kà kó sì fúnra rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó rò pé ìjà parí nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún pa á rẹ́, ó sì fi ti ara rẹ̀ rọ́pò gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ náà.

Akọ̀wé ka ti Ọ̀jọ̀gbọ́n sókè sí yàrá iwájú, ó kàn fo orúkọ kànga ni. "Ó jẹ́ ètò ìfàjáde omi abẹ́lẹ̀ olójú-òpó, tí a gbẹ́ la ìpele aláìgbomi kọjá dé ìpele agbomi, ní ìbámu pẹ̀lú ìfúnpá àyíká."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Àìsàn wo nìyẹn?" Ìyàwó béèrè. "Ta ló ń ṣe?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ń ṣe."

"Ọlọ́run á wò ó sàn." Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé Alákòóso, ẹni tí ń làjà láàárín àwọn òǹkọ̀wé, ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ojú-ìwé kànga pa kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì wà lójú rẹ̀ nígbà tó tì í. Ó fún Akọ̀wé ní ọjọ́ méje. Bó bá rí ìwé gidi tó sọ pé àwọn tó ń wọlé yọ èèyàn ló ń kú jù, kó mú un wá. Bí kò bá rí i, gbólóhùn kẹta á lọ pátápátá.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó ń bí Akọ̀wé nínú ju ti ìmọ̀ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni, wọ́n ń fọ kànga kan ní agbo ilé kejì. Lébìrà kan sọ̀kalẹ̀, wọ́n pè é, kò dáhùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé wà níbẹ̀, ọkùnrin tó lè fọwọ́ kan gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ó ní òun ò ní dúró máa wo ọmọ ọlọ́mọ kó kú. Ó kígbe sí ìyàwó rẹ̀ pé kó sáré mú okùn wá nílé, òun náà sì wọlé. Ìyàwó sáré. Ó délé, ó bá ìkòkò tó ń ru lórí iná, ó dúró sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó mú okùn, ó sáré padà. Wọ́n ju okùn náà sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú.

Àwọn èèyàn ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ lábẹ́ ọkùnrin náà. Ìyàwó ò bá wọn jiyàn ẹsẹ̀, ìkòkò ni tirẹ̀. Títí dòní, bó bá ń ránṣọ lọ́wọ́, á ṣàdédé sọ pé, "Ká ní mi ò dúró sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀." Akọ̀wé á ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó á dákẹ́ fún oṣù kan, oṣù méjì, á tún sọ ọ́.

Ọdún tó kọjá ni Akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa afẹ́fẹ́ inú kànga nígbà tó ń wá ohun tó máa kọ. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe ìkòkò. Ó pa ìwé náà dé, ó rìn lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn àárín, ó dúró, ó wo ẹ̀yìn Ìyàwó tó tẹ̀ sórí aṣọ. Ó padà sídìí tábìlì, ó kọ ọ́ fún gbogbo ayé dípò kó sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n fà á, ó sì ń bẹ̀rù télọ̀ inú ilé ara rẹ̀. Ó mọ̀, ojú sì ń tì í.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ Ìyàwó yà kí wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ti di ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tún pọ́ǹpù omi ṣe. Ó jókòó ti Akọ̀wé, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní iṣẹ́ dé fún Sátidé. Kànga àtijọ́ kan ni, wọ́n ti fi kọnkéré dé e láti ọdún mẹ́rin. Òun máa ṣí i, òun máa wọlé lọ yọ pọ́ǹpù tó bàjẹ́ síbẹ̀.

"Má wọlé," Akọ̀wé sọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè ti bàjẹ́. Ó ń pààyàn."

"Àǹtí mi, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ogún ọdún wọ kànga."

"Mo ní ó ń pààyàn."

Ọmọ náà nu ọwọ́, ó mú fóònù jáde. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi ìwé ìmọ̀ yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa wò ó." Ó ka ìlà àkọ́kọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ, ó yán, ó fi ìka gbá ojú fóònù lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tì í bọ àpò. "Kò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé wọn ò ní kọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, lábẹ́ àkòrí keje, nínú èdè tí ọmọ náà ò ní kà dé láéláé. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, àmọ́ ó lè bo èèyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, Akọ̀wé dìde dúró sáàárín yàrá, ó di ẹ̀ṣẹ́.

"Orísun lẹ fẹ́," ó sọ. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, inú oko yín ni n ó ti hú u."

Ojú-ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìwé ìmọ̀ náà gùn. Gbogbo ohun tó ti kọ rí láyé ló tò síbẹ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Akọ̀wé ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń bá ìlà lọ. Ó dé ìkẹtàdínlọ́gọ́ta, ìka rẹ̀ dúró. Ìwádìí nípa ipò àwọn kànga, tí ó ṣe fún iléeṣẹ́ omi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa wá sí i lọ́kàn, kò sì tíì dá a lójú.

Ní Ọjọ́rú, ó wọ bàtà tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà, ó gbọ̀nà iléeṣẹ́ omi. Yàrá ìwé wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, òórùn eruku àti tàdáwà ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dá a mọ̀.

"Ẹ̀yin Akọ̀wé! Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Mo gbàgbé nǹkan kan lóòótọ́," ó dáhùn. "Jẹ́ kí n wá a."

Wákàtí kan ààbọ̀ ló fi wá a. Ìwé náà ní páálí àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ti jẹ. Ó ṣí i, ó sì mọ̀ ọ́n kó tó ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, torí lẹ́tà "e" ibẹ̀ ga díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí i lọ sí ojú-ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Àtẹ kẹrin ló wà níbẹ̀, ìlà òró, ìlà ìbú, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ó rántí àtẹ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bà á jẹ́ kó tó tò dáadáa, ọ̀gá sì yìn ín lójú gbogbo ọ́fíìsì.

Nínú àtẹ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Ìpín àwọn olùdásí onípele kejì nínú àpapọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ àìríafẹ́fẹ́mí ní ibi híhá: 23 nínú 41."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Olùdásí onípele kejì. Ẹni tó wọlé lọ yọ ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú èèyàn mọ́kànlélógójì tó kú, mẹ́tàlélógún ló jẹ́ pé àánú ló gbé wọn wọlé.

Nísàlẹ̀ ojú-ìwé, lápá òsì, níbi tí àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń fi àmì sí, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, ìlà kékeré dábùú, lẹ́yìn ìlà náà ni lẹ́tà méjì mìíràn wà. Ti orúkọ tí ìyá Akọ̀wé sọ ọ́ ni. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú ìwé, ó fi ìka kà á. Oṣù mẹ́rin géérégé ló ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ kànga.

Ó jókòó sórí àpótí ìwé. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ béèrè bóyá kó bu omi wá. Akọ̀wé ṣì ń wo àtẹ náà. Ẹ̀dà mẹ́fà ló tẹ̀. Ó fi bébà kábọ̀nù sáàárín wọn, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀dà ìsàlẹ̀ lè hàn. Ìka rẹ̀ ti gba orí gbogbo ohun tó lè gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là kọjá, ó sì dìde lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹkún tó sun níbẹ̀, ìbínú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà tó délé, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ sójú-ìwé ìjíròrò:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní kí n mú orísun wá. Ìwádìí tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe fún iléeṣẹ́ omi ni orísun mi, ojú-ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, àtẹ kẹrin. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ẹ ó rí lẹ́tà orúkọ yín, ẹ ó sì rí lẹ́tà méjì mìíràn. Èmi ni mo ni wọ́n. Èmi ni mo bá yín tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi wọ kànga lọ yọ ẹnì kan, kò sì jáde. Mo tẹ ìkìlọ̀ tó lè gbà á là, ẹ̀dà mẹ́fà, mi ò sì mọ ohun tí mo tẹ̀, nítorí pé ẹ ò kọ ọ́ kó lè yé mi. Mi ò sọ pé ẹ parọ́. Òótọ́ lẹ kọ, ẹ kàn gbé e pamọ́ sínú àtẹ. Ẹ ní mi ò kì í ṣe onímọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò kì í ṣe onímọ̀. Ìdí tí gbólóhùn kẹta fi gbọ́dọ̀ wà lókè nìyẹn, níbi tí irú mi á ti rí i. Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ yín wà nísàlẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ má dí. Bẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, màá tún kọ ọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ráyè."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ó wá lọ bọ́ bàtà.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Akọ̀wé gbálẹ̀ tó ti mọ́, ó tún gbá a. Ó pe ọmọ náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ra tọ́ọ̀ṣì tuntun." Bíi pé òkùnkùn ló ń pààyàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìdáhùn wọlé. Ìlà méjì péré ni. "Mo ti yẹ ojú-ìwé náà wò. Mo rántí àtẹ náà, n kò bi ara mi rí ẹni tí yóò kà á." Alákòóso ti ṣí àpilẹ̀kọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kó ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ kúrò, ó dá ti Akọ̀wé padà, ó sì fi ìwé rẹ̀ ti gbólóhùn kẹta lẹ́yìn. Ó yọ "ọ̀pọ̀" kúrò, ó kọ iye tó jẹ́ gan-an. Akọ̀wé ka gbólóhùn náà títí dé òpin, ó sì mí kanlẹ̀. Bàbá náà ti tún kọ "àwọn olùdásí onípele kejì" síbẹ̀.

"Ẹ ò ní kú sínú ọ̀rọ̀ yìí," ló sọ. Ó yọ ọ́, ó gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ tòun ti àlàyé rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn rọ́pò rẹ̀ lókè. Ó dúró, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò dá a padà.

Ó ku ẹnì kan ṣoṣo.

Akọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà sápá, kò jókòó sáyè rẹ̀, ó wọ yàrá iwájú lọ. Aṣọ iléèwé ni Ìyàwó ń rán, aṣọ náà kún itan rẹ̀.

"Ìyàwó, mo fẹ́ ka nǹkan."

"Ẹ kà á, ọkọ mi. Mò ń gbọ́."

Ó ka gbólóhùn èkíní. Ẹ̀rọ ń sáré. Ó ka èkejì, ẹ̀rọ ò dúró. Ó ka ẹ̀kẹta: "Afẹ́fẹ́ inú kànga lè burú láìní òórùn kankan: ẹni tó bá mí i símú lè dákú lẹ́yìn èémí mélòó kan, nínú èèyàn mọ́kànlélógójì tí ìwádìí kan sì kà pé wọ́n kú bẹ́ẹ̀, mẹ́tàlélógún ló wọlé lọ yọ ẹni àkọ́kọ́."

Ẹ̀rọ dákẹ́.

Ọwọ́ Akọ̀wé ti ń wá pẹ́ńsùlù. "Ọ̀rọ̀ wo ni ò yé ọ níbẹ̀?"

"Ó yé mi," Ìyàwó sọ.

Kò gbójú sókè. Ó na ọwọ́ méjèèjì lé aṣọ iléèwé náà, ó ń tẹ́ ibi tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. "Ẹ tún un kà."

Akọ̀wé tún un kà.

"Èémí mélòó kan," Ìyàwó sọ. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò. "Láti ẹnu kànga yẹn dé ilé wa, mo sáré, ṣùgbọ́n..."

"Ó ti dákú kó o tó dé ẹnu ọ̀nà."

"Ìkòkò ńkọ́?"

"Ìkòkò ò ṣe nǹkan kan. Ká ní o fò padà ni, wàá bá a bẹ́ẹ̀. Ká ní o bá a wọlé, ìwọ náà ì bá kú síbẹ̀, ọmọ rẹ ì bá sì di ọmọ òrukàn pátápátá."

Ìyàwó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò ní ariwo. Akọ̀wé dúró tì í. Ó mọ̀ pé òun lè dákẹ́ báyìí kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò dákẹ́.

"Ó wà nínú ìwé kó tó kú," ó sọ. "Wọ́n kọ ọ́ lédè tí kò yé èèyàn. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, Ìyàwó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, oṣù mẹ́rin ṣáájú. Mi ò mọ ohun tí mo ń tẹ̀."

Ìyàwó wá gbójú sókè. Ó wo Akọ̀wé pẹ́, ó wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó di kọ̀ǹpútà mú. Ó fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti ń ránṣọ.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ìkòkò," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ̀yin náà má wá gbé àtẹ lé orí. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. Kò kí i. "Ṣí ìwé ìmọ̀ tí àǹtí rẹ ń kọ. Kànga. Ka ìlà kẹta sí mi létí, mò ń gbọ́." Ohùn ọmọ náà ń jáde wẹ́wẹ́ láti inú fóònù, ó ń kà, ó ń sáré kà á bó ṣe máa ń ṣe, títí ó fi dé ìdajì. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó kà á tán.

"Bí bàbá rẹ ṣe kú nìyẹn," Ìyàwó sọ fún un. "Kì í ṣe ẹsẹ̀."

"Mọ́mì, mi ò wọlé mọ́. Mo máa sọ fún onílé pé kó wá àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ afẹ́fẹ́ wò. Tí kò bá fẹ́, kó wá ẹlòmíràn."

"Kó má wá ẹlòmíràn o! Ẹlòmíràn ò ní ìyá ni? Jẹ́ kóun náà kà á."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lójú pópó. Ìyàwó dìde, ó gbọn òwú kúrò lára, ó wá dúró sẹ́yìn Akọ̀wé, ó ń wo gbólóhùn náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ọkùnrin yẹn, ṣé ó lè tún pa á rẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni lè pa á rẹ́. Bí ìwé náà ṣe rí nìyẹn."

"Tí ẹ bá ń sùn ńkọ́? Tí ẹ bá lọ ọjà?"

"Tí mo bá dé, màá dá a padà."

"Èmi kì í sùn púpọ̀," Ìyàwó sọ. Ó lọ fa àga ìránṣọ rẹ̀ wá, ó gbé e ti tábìlì ìjẹun, ó jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá a padà."

Akọ̀wé sún kọ̀ǹpútà sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì fi bọ́tìnnì àkọ́kọ́ hàn án.